Tẹ́ ẹ bá dé Barbados, ibi tẹ́ ẹ ti máa jẹun rèé

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Sùúrùlérè pè mí lálẹ́ àná, wọ́n ní àwọn àti ìyàwó wọn ń lọ sí Barbados, erékùṣù kan ní Karibéànì, lóṣù tó ń bọ̀, kí n bá wọn wá rẹsitọ́ràntì tó dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì wọn. Mo ní bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn débi pé kírẹ́díìtì mi tán lẹ́nu ẹ̀, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí, torí wọn kì í gba físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà ní Barbados, àwọn tó ń lọ láti Èkó ò dẹ̀ ní tán (ṣùgbọ́n ẹ wádìí físà ìlú tí ọkọ̀ òfuurufú yín máa gbà kọjá o, ìyẹn lè yàtọ̀).

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọjọ́ ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ níbẹ̀. Erékùṣù náà ò tóbi rárá, gígùn ẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 34 lọ, kò síbi tẹ́ ẹ fẹ́ jẹun tẹ́ ò ní débẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ọjà ló rí, àwọn oúnjẹ gidi ibẹ̀ ní ọjọ́ tiwọn, tí ọjọ́ náà bá ti kọjá ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Alẹ́ Fúráìdè, Oistins ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín lọ síbòmíì. Ìlú àwọn apẹja ni, ní ìhà gúúsù, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Christ Church, kò jìnnà sí eapọ́ọ̀tù Grantley Adams. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó lọ́ọ̀rìn-lọ́ọ̀rìn létí òkun ni, èéfín á ti gba gbogbo ibẹ̀, ẹ kàn wo ibi tí àwọn ọmọ ìlú tò sí, kẹ́ ẹ tò sẹ́yìn wọn. Ẹ débẹ̀ kí aago méje tó lù, torí tó bá di mẹ́jọ, ìlà á ti gùn bíi ti ilé epo nígbà tí kò sí epo. Ìyá tí mo rà lọ́wọ́ ẹ̀ na ẹja sórí wáyà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra bọ́tà àti efinrin-òyìnbó, taìmù yẹn, sí i lára, tó bá yí i padà iná á bú sókè, á sún sẹ́yìn díẹ̀, á tún padà wá. Ó gbé ìgò ata wọn fún mi, ata yẹ́lò, ata rodo ni wọ́n lọ̀ mọ́ mọ́sítáàdì. Bí mo ṣe da ṣíbí kejì sórí ẹja ló di ọwọ́ mi mú, ó ní ọmọ mi, rọra. Mo ní màmá, Èkó ni mo ti wá o. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìgò náà sílẹ̀ níwájú mi, ó dẹ̀ bu ìrẹsì sí i fún mi láì gba owó.

Ẹja tí wọ́n máa ń yan jù ni marlin, swordfish, tuna àti mahi-mahi. Tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n kọ dolphin sára bọ́ọ̀dù, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń fò sókè lójú omi nínú tẹlifíṣàn yẹn, mahi-mahi náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì wọn, òtílí ni wọ́n sè mọ́ ọn, àwọn ará Èkìtì máa mọ nǹkan tí mò ń sọ. Makaróní tí wọ́n fi ṣíìsì yan bíi kéèkì náà wà, ẹ gbà á. Tẹ́ ẹ bá yó, ẹ má tètè lọ, ẹ rìn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà tó ń jó ijó alájùmọ̀dìmú sí orin àtijọ́, ó wù mí débi pé mi ò mọ̀gbà tí alẹ́ lẹ́.

Ẹni tí kò fẹ́ èrò púpọ̀, kó lọ sí Martin's Bay ní Tọ́sìdeè, ní agbègbè St. John, ẹja náà ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ dákẹ́ jù.

Sátidé, pudding and souse ni: ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sè, tí wọ́n wá fi ọsàn wẹ́wẹ́, kùkúńbà àti ata rẹ, pẹ̀lú ọ̀dùnkún tí wọ́n gún. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ fo ọjọ́ náà.

Wàyí o, oúnjẹ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ ju gbogbo ẹ̀ lọ ni cou-cou àti ẹja tó ń fò, oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń rò ó: wọ́n á se ilá, wọ́n á fi omi ilá yẹn ro èlùbọ́ àgbàdo lórí iná, igi pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń rò ó, orógùn gan-an ni, wọ́n á máa rò ó títí tí kò fi ní kókó mọ́, wọ́n á wá dà á sínú abọ́ tí wọ́n fi bọ́tà ra, wọ́n á dojú ẹ̀ dé sórí àwo, ọbẹ̀ tòmátò àti ẹja á tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i mi ò lè sọ̀rọ̀. Túwó àti ilá ni, àwọn baba ńlá wọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìhà wa níbí ló gbé e dání lọ, wọn ò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá a ní àwọn rum shop, ìyẹn bíà pálọ̀ tiwọn tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ọ̀sán, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí Fisherman's Pub ní Speightstown, létí òkun.

Tí ebi bá ń pa yín lọ́sàn-án ní Bridgetown, olú-ìlú wọn, ṣọ́ọ̀bù Cuz's wà lẹ́bàá Pebbles Beach, búrẹ́dì róbótó tí wọ́n fi ẹja há láàárín ni. Àwọn kan tún ń ta "bread and two", àkàrà ẹja méjì nínú búrẹ́dì. Ẹni tó bá ti jẹ búrẹ́dì àti àkàrà láàárọ̀ ní Mushin ti mọ bó ṣe máa rí.

Ọ̀rọ̀ owó: dọ́là Barbados méjì ni dọ́là Amẹ́ríkà kan, kì í yí padà. Kẹ́ ẹ tó jókòó síbì kankan ní west coast, ẹ bi wọ́n pé dọ́là wo ni wọ́n kọ sínú mẹ́nù. Ibì kan wà tí mi ò bèèrè, mo rò pé dọ́là tiwọn ni, ìgbà tí bíìlì dé ló di ìlọ́po méjì, wọ́n tún fi tẹn pàsẹ́ńtì sáfíìsì lé e, inú bí mi gan-an. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá olóúnjẹ ò gba káàdì, ẹ mú ṣéńjì dání.

Ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Mínì bọ́ọ̀sì wọn yẹ́lò, ó ní ìlà búlúù, fáànù ZR dẹ̀ funfun, dọ́là 3.50 tiwọn ni. Orin á máa dún, kọ̀ńdọ́ á máa pe èrò, ẹni tó bá ń wọ dánfó láti Ojúẹlẹ́gbà ò lè sọnù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ inú ọkọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó sọ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́, wọn ò fẹ́ràn ẹni tí kì í kíni, bíi tiwa náà ni. Àti pé ẹ má wọ kamọ́fúláàjì kankan lọ, ṣòkòtò ṣọ́jà tí wọ́n ń tà ní Yábàá yẹn, òfin wọn ò gbà á fún aráàlú.

Tó bá jẹ́ Nofẹ́ńbà lẹ máa débẹ̀, ẹ bèèrè conkies, wọ́n máa ń ṣe é nítorí ọjọ́ òmìnira wọn, 30 Nofẹ́ńbà. Àgbàdo, àgbọn àti elégédé ni, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í, wọ́n á sè é, àbàrí tó dùn bíi kéèkì. Tó bá jẹ́ Kérésì, zóbò ni wọ́n á gbé fún yín, sorrel ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi ti pe àwọn tó bá wọn gé tíkẹ́ẹ̀tì báyìí, kí wọ́n yí i kí àwọn lè gúnlẹ̀ ní Wẹ́sìdeè, torí Sátidé ló wà tẹ́lẹ̀, Oistins á ti kọjá.