Bí mo ṣe fi ìwé "General" ríṣẹ́ lẹ́yìn tí Army Amẹ́ríkà ní kí n máa lọ

Owó ló kọ́kọ́ dùn mí. Dọ́là 90 ni mo san fún àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní àwọn á bá mi gba DD-214 mi, ìwé tí ń sọ bí sójà ṣe sìn àti bó ṣe kúrò, kíákíá, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni ìjọba Amẹ́ríkà ń fún sójà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n bá mi kọ SF-180, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìwé náà, tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Olè ojúmọmọ!

Nínú Army, èmi àti ọ̀gá mi tuntun ò rẹ́. Ó ń kọ̀wé ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ mi léraléra, níkẹyìn wọ́n ní kí n máa lọ lábẹ́ Chapter 13 nínú òfin Army, pé iṣẹ́ mi ò tẹ́ wọn lọ́rùn. Mi ò jalè, mi ò lu ẹnikẹ́ni, mi ò dé kọ́ọ̀tù ológun. "General, under honorable conditions" ni wọ́n kọ fún mi, ìyẹn ìdásílẹ̀ tó rẹlẹ̀ sí Honorable, tí í ṣe ti ọlá pátápátá. Owó ilé-ìwé Post-9/11 GI Bill bá a lọ, torí Honorable ni wọ́n ń béèrè. Mo rò pé ìyà náà parí síbẹ̀.

Wíwá iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ò le. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan pè mí, wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, wọ́n ní àwọn gbà mí. Wọ́n wá ní kí n mú DD-214 wá.

Member-1, ẹ̀dà kúkúrú ìwé náà, ló wà lọ́wọ́ mi. Àpótí 23 sí 30 ò sí lórí ẹ̀dà yẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: 24 ń sọ irú ìwé tí wọ́n fi dá èèyàn sílẹ̀, 27 ń sọ bóyá ó lè padà wọṣẹ́, 28 ń sọ ìdí tó fi kúrò. Member-4, ẹ̀dà gígùn, ni gbogbo rẹ̀ pé sí. Lọ́jọ́ tí mò ń kúrò, akọ̀wé tó jókòó síwájú mi kàn ń fi ìka han ibi tí màá buwọ́ lù mí ni. Kò sọ pé àpótí 30 ni èèyàn ti ń béèrè Member-4.

Obìnrin tó ń bójú tó ìgbanisíṣẹ́ yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Kí lẹ fi pamọ́?" Mo ní bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Kò gbà. Ni mo bá ń retí ìwé láti St. Louis ní Missouri, níbi tí wọ́n kó fáìlì àwọn sójà sí. Bí mo bá pe obìnrin náà, "ìwé yín la ń dúró dè" ni. Iṣẹ́ ọ̀sán tí wọ́n ṣèlérí fún mi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ku ti òru.

Member-4 dé, wàhálà tún pọ̀ sí i. Obìnrin náà rí "General", ó rí "Unsatisfactory Performance" (iṣẹ́ tí kò tẹ́ni lọ́rùn), ó bi mí bóyá mo ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n kẹ̀! Kọ́ọ̀tù ológun nìkan ló ń fún sójà ní Dishonorable, ìyẹn ìdásílẹ̀ pẹ̀lú àbùkù, lẹ́yìn ìdájọ́. Tèmi, ọ̀gá kọ̀wé, ọ̀gá àgbà buwọ́ lù ú, ó tán. Níbi tí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ bá ti béèrè bóyá wọ́n ti dá mi lẹ́bi ọ̀ràn rí, "rárá" ni mo ń kọ, òótọ́ sì ni.

Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí ilé iṣẹ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò gbà ju gbólóhùn méjì lọ. Ìyókù, bí mo ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ àti ẹrù ẹgbẹ́ wa tí nǹkan kan ò sọnù ni. Mo so lẹ́tà sájẹ́ǹtì mi àtijọ́ mọ́ ọn. Ọ̀gá obìnrin náà kà á, ó fúnra rẹ̀ pè mí. Lónìí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tó fẹ̀yìntì nínú Navy ló bi mí lẹ́yìn náà pé, "Àbúrò, ṣé o ti kọ DD-293?" Fọ́ọ̀mù náà ni wọ́n fi ń bẹ Discharge Review Board, ìgbìmọ̀ ológun kan, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀ náà wò, ọdún 15 sì ni àyè rẹ̀ fi ṣí sílẹ̀. Mo ti fi tèmi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣì ń kọ̀wé tiyín lọ́wọ́ ní bárékè, ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà ológun, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ má fo àpótí 30, kí ẹ sì gba lẹ́tà sájẹ́ǹtì yín kí wọ́n tó gbé sájẹ́ǹtì náà lọ síbòmíràn.