Yíyan Oúnjẹ Àfikún fún Màlúù Tí Ń Jẹ Koríko Gbígbẹ Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi rọ̀, koríko kì í wọ́n ní pápá Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, bí iná kò bá tíì jó o. Oore inú rẹ̀ ló ń wọ́n. Màlúù tó ń jẹ èrùwà gbígbẹ láti àárọ̀ di alẹ́ lè wọlé pẹ̀lú ikùn tó kún, síbẹ̀ kí egungun ìhà rẹ̀ máa yọ sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Àpò ńlá inú màlúù, èyí tí a ń jẹ ní ṣàkì, ni ibùgbé àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń bá ẹran da koríko, pùrótéènì sì ni àwọn náà fi ń gbé ẹ̀mí ró. Bí pùrótéènì inú koríko bá ti dín sí nǹkan bí ìdá 7 nínú 100, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, koríko á pẹ́ nínú ikùn kó tó dà, màlúù kò sì ní lè jẹ púpọ̀ mọ́ nítorí pé èyí tó jẹ lánàá kò tíì kúrò níbẹ̀. Koríko àárín ẹ̀ẹ̀rùn lè má ju ìdá 3 sí 5 lọ. Nítorí náà, pùrótéènì ni kí ẹ kọ́kọ́ ná owó lé lórí, kì í ṣe ohun tí yóò kàn kún ikùn.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ilẹ̀ ọgbà ẹran láàárọ̀. Ìgbẹ́ tó rọ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, fi hàn pé oúnjẹ ń dà dáadáa. Èyí tó le, tó ga ní ìpele ìpele, tí fọ́nrán koríko ṣì hàn nínú rẹ̀, ń sọ pé pùrótéènì ti tán nínú oúnjẹ. Ìgbẹ́ máa ń sọ èyí ṣáájú kí ara ẹran tó rù, ó sì sàn kí ẹ gbà á gbọ́ nígbà náà, torí pé ó rọrùn láti mú kí ara ẹran má rù ju kí a tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ara tó ti sọ nù lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti màlúù kan tó wọn 250 kìló. Bí ó bá jẹ kìló 4 koríko gbígbẹ lóòjọ́, tí pùrótéènì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 4 nínú 100, gíráàmù 160 péré ló rí. Bí a bá fi kìló kan èérún ekùrọ́ kún un, ìyẹn èyí tí wọ́n ti fún àdín kúrò lára rẹ̀, tí gbogbo ọjà oúnjẹ ẹran mọ̀ sí PKC, gíráàmù 180 míràn ti wọlé bí ó bá jẹ́ ìdá 18. Àpapọ̀ rẹ̀ di 340 nínú kìló 5, ó sún mọ́ ìdá 7 tí a wí. Kìló kan yìí wà fún kí ẹran má baà rù ni. Ẹni tó fẹ́ mú ẹran sanra de Iléyá yóò ná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi ìdíyelé ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, nítorí pé iye owó àpò ni wọ́n ń wò. Àpò PKC oníkìló 50 tó jẹ́ ìdá 18 ní kìló 9 pùrótéènì nínú. Àpò èérún ẹ̀pà, GNC, tó jẹ́ ìdá 45 ní kìló 22 àbọ̀. Ó túmọ̀ sí pé bí owó GNC kò bá tíì tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ti PKC, òun gan-an ló dínwó, bí àpò rẹ̀ tilẹ̀ wọ́n jù lójú. Ṣùgbọ́n ẹ tú àpò náà wò kí ẹ tó sanwó: èyí tó ti hu tàbí tó ń rùn fútùfútù lè ní májèlé nínú, kódà bí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má gbà á. Èérún kóró òwú náà dára fún àgbà màlúù, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ màlúù, nítorí èròjà inú rẹ̀ lè pa á lára.

Èèpo pákí ló pọ̀ jù nítòsí wa, òun náà ni a sì ń ṣì lò jù. Agbára ló ní. Pùrótéènì inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti koríko gbígbẹ lọ. Bí a bá dà á fún ẹran ní òun nìkan, yóò tilẹ̀ dín bí koríko ṣe ń dà kù. Ẹ sá a kó gbẹ kíákíá, kí májèlé inú èèpo tútù lè lọ, kí ó má sì hu. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀sìn, ILRI, ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo náà, tí a sì fún omi rẹ̀ kúrò kí a tó sá a, oòrùn ọjọ́ kan lè tó o. Lẹ́yìn náà, ẹ pò ó mọ́ PKC tàbí GNC.

Ẹni tí owó kò bá tó àpò, ewé agúnmániyè lè gbà á là. Pùrótéènì rẹ̀ tó ìdá 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran tí kò tíì jẹ ẹ́ rí lè kọ̀ ọ́ nítorí òórùn; ẹ jẹ́ kí ewé náà rọ fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì fọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà tí a kó pamọ́ lẹ́yìn ìkórè wúlò bákan náà, ó sì máa ń dùn wá tí a bá rí wọn tí wọ́n ń jóná lóko.

Yúríà, ajílẹ̀ tí àwọn kòkòrò inú ṣàkì lè sọ di pùrótéènì, dínwó jù gbogbo wọn, ó sì léwu jù. Yúríà nìkan ni a ń sọ. Ajílẹ̀ NPK kì í ṣe oúnjẹ ẹran rárá. Ọ̀nà tí a fọwọ́ sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ po kìló 4 yúríà sínú lítà 50 omi, kí ẹ wọ́n ọn sí 100 kìló pòpórò gbígbẹ tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fi ọ̀rá dì í pinpin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá tú u, ẹ fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn títí òórùn líle náà yóò fi lọ. Ẹ má ṣe fi yúríà sínú omi mímu, ẹ má sì fún ẹran tí ebi ń pa gan-an tàbí ọmọ màlúù. Ẹran tó bá ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ sì wú lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, dókítà ẹran ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀.

Iyọ̀ tàbí òkúta iyọ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Kánwùn nìkan kò lè dípò rẹ̀. Omi ló tún ṣáájú gbogbo rẹ̀, nítorí màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ kì í jẹ koríko gbígbẹ.

PKC àti GNC kò pọn dandan lójoojúmọ́: a lè kó ti ọjọ́ méjì pọ̀, kí a fún wọn ní ọjọ́ kan kí a sì fo ọjọ́ kan, bí agbada oúnjẹ bá gùn tó tí àwọn alágbára kò fi ní lé àwọn aláìlágbára sẹ́yìn. Èèpo pákí kò gba irú èyí. Nígbà tí òjò bá sì ti rọ̀, tí koríko tútù ga dé kókósẹ̀, ẹ dín oúnjẹ àfikún kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì tún máa wo ìgbẹ́ láàárọ̀.