Tí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ adájọ́ sùn

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ibi tí ẹ ó gbé ọ̀rọ̀ gbà. Adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga, NJC (National Judicial Council, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà àwọn adájọ́) l'Ábùjá ni. Ti májísíréètì, JSC (Judicial Service Commission, àjọ tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù) ìpínlẹ̀ Èkó ni. Bó bá jẹ́ ìdájọ́ nìkan ni kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìwà ni wọ́n ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn: rìbá, ojúsàájú, tàbí kó jókòó lé ìdájọ́ kọjá 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí àwọn lọ́yà ti parí àlàyé ìkẹyìn.

Ẹ̀sùn tó ń lọ sí NJC kò gbọdọ̀ pẹ́ ju oṣù 6 lọ lẹ́yìn ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ orúkọ adájọ́, nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́. “Adájọ́ yẹn ò dáa” kò já mọ́ nǹkan kan. “Ó pè mí ní olè kí ẹlẹ́rìí mi tó sọ̀rọ̀” ni wọ́n lè wádìí. Ẹ búra sí i ní ilé-ẹjọ́ gíga, torí láìsí ìwé ìbúra, ẹ̀sùn yín ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ so àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀tù tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ dákun, ẹ má gbé e sórí Facebook. Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ dá ìwádìí dúró.