Ìkánjú ló ń pa fáìlì inú NAS, kì í ṣe dísíìkì tó kú

Bí NAS ilé yín (àpótí dísíìkì tí gbogbo ilé ń tọ́jú fáìlì sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) bá ní dísíìkì méjì tó wà lórí RAID 1, ìyẹn ètò tó ń kọ fáìlì kan náà sára méjèèjì, tí ọ̀kan sì kú, fáìlì yín ṣì pé. Ohun tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn yọ èyí tó yè, kó fi òkú sílẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó wọ́pọ̀. NAS sọ pé dísíìkì kejì ló bàjẹ́, ẹni tó ni ín wá ń kà á láti apá tó wù ú. Tó bá jẹ́ RAID 5 ni (ètò dísíìkì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó lè fara da ikú ẹyọ kan péré), yíyọ tó yè kúrò lẹ́yìn tí ọ̀kan ti kú máa mú kí gbogbo rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Nọ́ńbà S/N, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ dísíìkì kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ gbà gbọ́: ó wà lójú ìwé ìṣàkóso NAS, ó sì wà lára dísíìkì. Ẹ kọ ọ́ sórí téèpù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síwájú ihò kọ̀ọ̀kan nígbà tí ara gbogbo wọn ṣì le.

Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ṣé ẹ̀dà wà níbòmíràn? RAID kì í ṣe ẹ̀dà. Fọ́tò ìgbéyàwó tí ọmọdé bá pa rẹ́ lára dísíìkì kìíní ti pa rẹ́ lára ìkejì náà nìyẹn. Ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ lè tọ́jú ẹ̀dà sílé ẹbí ní Oǹdó.

Ẹ má fi iná ìjọba nìkan bẹ̀rẹ̀ àtúntò, ìyẹn ìgbà tí NAS bá ń kọ fáìlì padà sára dísíìkì tuntun. Dísíìkì tẹ́rà mẹ́rin (4TB) lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá tí ẹ bá ń lo NAS lọ́wọ́. UPS kékeré (bátìrì tó ń gbé iná fúngbà díẹ̀) kò lè gbé e dé òpin. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dì í mú títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi tàn, tàbí kó jẹ́ kí NAS pa ara rẹ̀ dáadáa. Okùn USB tó máa ń bá UPS wá ló sì ń sọ fún NAS pé iná ti lọ. Inú páálí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi í sí.

Ní ti rírà: tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ ka wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ nínú SMART, àkọsílẹ̀ ìlera tí dísíìkì ń ṣe nípa ara rẹ̀. Ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ yẹra fún SMR (irú dísíìkì tí ìlà dátà rẹ̀ ń gun orí ara wọn), nítorí ó máa ń fa àtúntò gùn. Ní 2020 ni ó hàn síta pé ilé iṣẹ́ Western Digital ti fi irú rẹ̀ sínú àwọn dísíìkì WD Red kan, tí wọ́n ń tà fún NAS, láìsọ fún oníbàárà, nítorí náà orúkọ tó wà lára páálí nìkan kò tó. Dísíìkì tuntun kò sì gbọdọ̀ kéré ju èyí tó kú lọ.

Bí ẹ bá fi tẹ́rà mẹ́jọ rọ́pò ọ̀kan lára tẹ́rà mẹ́rin méjì, àyè kò ní pọ̀ sí i àfi tí ẹ bá pààrọ̀ ìkejì, kí ẹ sì sọ fún NAS pé kó fẹ̀ ẹ́. Tí tẹ́rà mẹ́jọ náà bá wá ń fi bíi 7.2 hàn, ẹ má lọ bá ẹni tó tà á jà. Ọ̀nà ìṣírò kọ̀ǹpútà ni.

Èyí tí ẹ yọ ńkọ́? Ẹ má gbé e fún oníkọ̀ńdẹ́mù bẹ́ẹ̀. Nínú RAID 1, odindi fáìlì yín ló wà lára ẹyọ kan yẹn. Ẹ nù ún mọ́. Tí kò bá dáhùn mọ́, ẹ fi dírílì lu ú.