Kí ẹ tó ní kí wọ́n tú pọ́ǹpù jẹnẹrétọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, owó dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ yìí ń dun gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n tú pọ́ǹpù rẹ̀ yìí díẹ̀. Kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù, ìyẹn èyí tó ń ti dísù lọ sínú ẹ́ńjìnì, ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, tó sì ń gbé iná. Bí èéfín bá dúdú, dísù tó ń wọlé ju atẹ́gùn lọ. Ẹ yọ fítà atẹ́gùn, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí èéfín náà bá ṣì dúdú, ẹ jẹ́ kí wọ́n dán àwọn nọ́sù, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnì, wò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán wọn wò. Ńṣe ló yẹ kó fọ́n bí ìrì. Èyí tó bá ń kán tó, tó, ti bàjẹ́ nìyẹn. Èéfín búlúù ní tiẹ̀, ọ́ìlì ló ń jó, pọ́ǹpù kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ní ti táímìn, ìyẹn àsìkò tí dísù gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì, ìwé jẹnẹrétọ̀ náà ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Àwọn tó ń fi etí lásán ṣe é ni mo ń sá fún.

Èyí tí a kì í kà sí ni ẹrù iná. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń gbé fíríìjì kan àti gílóòbù díẹ̀ kì í gbóná tó. Bí ẹrù bá ń wà nísàlẹ̀ ìdá 30 nínú 100 agbára jẹnẹrétọ̀ fún ìgbà pípẹ́, dísù kò ní jó tán, omi dúdú á sì máa ṣàn lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ẹ kó lílọ aṣọ àti fífa omi sí wákàtí kan náà, kí ẹ sì pa á tí ẹ bá ṣe tán.