Abẹ́ ilẹ̀kùn ló pa òròmọdìẹ mi

Mo ní mo fẹ́ sin adìẹ. Òkú wọn ni mo kọ́kọ́ sin. Mẹ́rìndínlógún nínú 102, kò sì sí àìsàn kankan tó ṣe wọ́n. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin adìẹ n'Íbàdàn ni mo ti rà wọ́n: páálí méjì, àádọ́ta-àádọ́ta, pẹ̀lú èènì ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà ní kí n máa retí òun l'Ákùúrẹ́ ní aago méjì ọ̀sán. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá kó tó yọjú. Táyà ló ní ó bẹ́ lọ́nà Iléṣà. Búùtù ló kó àwọn ọmọ mi sí, ó wá gbé àpò ẹ̀wà ti ihò tí wọ́n ń gbà mí. Mo ṣí páálí lójú rẹ̀, márùn-ún ti kú. "Ẹ má bínú, ọ̀gá." Ó sì tún gba owó ẹrù rẹ̀ pé pérépéré.

Gbogbo ẹni tó bá ti sin adìẹ rí ló mọ bí wọ́n ṣe ń tún yàrá ṣe: eérún pákó nílẹ̀, ọ̀rá lójú fèrèsé, ìkòkò èédú méjì tó ti gbóná sílẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí mo po glúkóòsì sí ni mo kọ́kọ́ fún wọn, mo ń ti àgógó ẹnu wọn bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ lè dúró díẹ̀. Pupa ẹyin tó kù níkùn wọn lè gbé wọn fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, àmọ́ ìrìn-àjò ti fa omi ara wọn gbẹ.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, gbogbo wọn rọ́ lọ sí igun kan, wọ́n ń gun orí ara wọn, wọ́n ń ké kíkankíkan. Igbe òtútù ni. Mo wo tẹmọ́mítà tí mo fi ìṣó kọ́ sára ògiri: 34°C. Ohun tí ọmọ ọjọ́ kan ń fẹ́ gan-an nìyẹn! Mo tú wọn ká. Kí n tó jókòó, wọ́n ti padà síbẹ̀. Mo fi èédú kún èédú, wọ́n tún kó jọ. Mo dín in kù nígbà tí èéfín fẹ́ fọ́ mi lójú, torí èéfín èédú nínú yàrá tó dí pa lè pa adìẹ, ó lè pa olówó adìẹ pẹ̀lú. Wọ́n tún kó jọ. Láago kan òru, mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ èébú ránṣẹ́ s'Íbàdàn pé ọmọ aláìlera ni wọ́n tà fún mi. (Ojú tì mí nígbà tó yá.) Oorun gbé mi lọ lórí àga.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mọ́kànlá ti kú sísàlẹ̀ òkìtì náà, wọ́n rí pẹlẹbẹ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀.

Ìyá onílé wa wọlé. Mo kí wọn, wọn ò tiẹ̀ dáhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. "Wá fọwọ́ kan ibí." Mo fọwọ́ kàn án. Ọyẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ń fẹ́ gba ilẹ̀ yàrá kọjá. Wọ́n wo tẹmọ́mítà mi lókè, wọ́n wò mí. "Ṣé òkè ibẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ yìí ń gbé?"

Àkísà kan la fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo gé páálí, mo fi ṣe ọgbà róbótó yí wọn ká kí igun má sí mọ́, mo sì sọ tẹmọ́mítà kalẹ̀ dé ibi ẹ̀yìn wọn. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi tú ká, tí wọ́n sùn lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ìgbẹ́ gbẹ dí ìdí àwọn kan. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́ kó fi rọ̀; ẹ má fà á, awọ á bá a lọ.

Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún tó kù yẹn dọjà láìdín ẹyọ kan, kí ẹnikẹ́ni má fojú di mi. Nígbà kejì, èmi fúnra mi ni mo lọ Ìbàdàn, páálí kan ṣoṣo, orí itan mi ló wà títí a fi dé Àkúrẹ́. Ẹyọ kan péré ló kú. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.