Bẹ́ ẹ ṣe lè kó ìtàn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ queer àti trans yín sí àkáífù yunifásítì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ yìí ní London tàbí Amẹ́ríkà, ẹ má tíì gbé páálí ìwé yín fún àkáífù yunifásítì (ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àti fọ́tò àtijọ́) o, ọ̀rọ̀ orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú.

Ẹ wo Columbia ní New York. Ọdún 1967 ni wọ́n fọwọ́ sí Student Homophile League, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gay, níbẹ̀, àmọ́ yunifásítì ní àfi kí wọ́n mú orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá, ta ló sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn? Stephen Donaldson tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ (ó fi ìyẹn bo ara ẹ̀ láṣìírí ni, Robert Martin ló ń jẹ́ gan-an) lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lẹ́nu nínú ọgbà, wọ́n yá a lórúkọ, lísìtì bá pé. Ẹni tó bá ka lísìtì yẹn lónìí láìbèèrè, kò lè mọ ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ gan-an.

Torí ẹ̀, ẹ wá àwọn tó ti gboyè jáde rí, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n bá yín sọ ta ni ta ni nínú fọ́tò. Pẹ́ńsù lẹ máa fi kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, kì í ṣe bírò.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wá kọ ímeèlì sáwọn àkáífù ní láíbìrì yín, wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù. Ẹ kà á dáadáa: ṣé ẹ ta wọ́n lọ́rẹ ni àbí ẹ ní kí wọ́n kàn bá yín tọ́jú ẹ̀, ta ló lè wò ó, ọdún mélòó ni wọ́n máa fi tì í pa, kí ló lè dórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín yín ò lè fi èyí ṣeré ṣá, torí òfin 2014 nílé ní ẹni tó bá kópa nínú ẹgbẹ́ gay, ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ẹni tó bá jẹ́ trans, ẹ bi í léèrè orúkọ tó fẹ́ nínú kátálọ́ọ̀gù, kó má lọ jẹ́ pé èyí tó ti pa tì ni Google á máa gbé jáde.

Tí wọ́n bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la fún yín, ibòmíì wà. Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ti ń gba irú ìwé yìí láti 1988. LSE (London School of Economics), níbi tí Gay Liberation Front, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn gay, ti bẹ̀rẹ̀ ní Britain lọ́dún 1970, ló ń tọ́jú Hall-Carpenter Archives, ìyẹn àkójọ ìwé ìtàn àwọn gay ní Britain.

WhatsApp àti Instagram ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sílẹ̀ kí ímeèlì sukúù yín tó kú, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé akọ̀wé ló máa gbé tọdún kọ̀ọ̀kan lọ sí àkáífù, torí ọdọọdún lẹ̀ ń pààrọ̀ aláṣẹ.